Ẹni Tó Bá Ká A Dí Ni Yóò Mu Ún

Kọfí ni Nicanor kọ́kọ́ bá jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Yanelba ìyàwó rẹ̀ gbé e fún un nínú ife kékeré bó ṣe máa ń ṣe, ó dúdú, ó gbóná, ṣúgà inú rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Nicanor fi ètè kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì da ìyókù sí ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Kí ni kọfí fi ṣe ẹ́?" Yanelba bi í.

"Kò dùn."

"Kọfí àná náà ni o. Ìkòkò àná, ọwọ́ àná."

"Mo ní kò dùn! Àbí o fẹ́ fún mi lọ́rùn kí n tó mu ún ni?"

Yanelba wò ó láti òkè délẹ̀, ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. "Bó o bá ń wá ẹni tó o máa bínú sí, bínú sí ìka ẹ. Òun ló kó wa síyọnu, kì í ṣe kọfí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Nicanor wọra, nítorí òótọ́ ni. Kọfí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé kọfí, tí kò sì tẹ̀ lé e mọ́, ló ń bí i nínú. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ní ìlú Tamboril, kò mọ kọfí àárọ̀ kankan tí sìgá ewé tábà kò bá a rìn. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe mu ún. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ ṣe mu ún, ìyá àgbà tó jẹ́ pé eyín kan ṣoṣo tó kù ló fi ń di sìgá mú. Ìlú tí wọ́n ti ń ká sìgá nínú ilé méjì nínú mẹ́ta, tí òórùn ewé tábà ń bẹ lára aṣọ ìkókó, ibẹ̀ ni wọ́n ní kó jókòó sí, kó má mu ún. Ṣé kì í ṣe ìwọ̀sí nìyẹn?

Dókítà kan ní ìlú Santiago ló sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ṣì tutù bí ojú ọmọ ilé ìwé. Ó di ìka ìtọ́ka ọwọ́ ọ̀tún Nicanor mú, ìka tí orí rẹ̀ ti tutù, tó ń dúdú bọ̀ bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Sìgá ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jáwọ́ pátápátá báyìí, ìka lè yè. Bó bá padà sídìí rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, wọn yóò gé e, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. "Sìgá tàbí ìka, ẹ mú ọ̀kan," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wá ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí i: kó mu omi, kó jẹ èèpo kínámọ́nì lẹ́nu, kó mí kanlẹ̀, kó rìn jáde díẹ̀, nítorí pé ìfẹ́ ọ̀hún kì í pẹ́ kó tó kọjá.

Ó ń kọjá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àlejò tó gbàgbé fìlà ló rí: kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi ń padà bọ̀. Nicanor ti mu omi títí ikùn rẹ̀ fi ń dún. Ó ti jẹ kínámọ́nì títí ahọ́n rẹ̀ fi bó. Ó ti mí kanlẹ̀, sìgá aládùúgbò ló sì mí sínú. Ó rìn jáde, ó bá àwọn tó ń ta ayò dómínò níwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ló fi sìgá sẹ́nu, wọ́n ní, "Nicanor, wá jókòó." Ó yí padà sílé, ó sì ta àga nípàá. Kí tilẹ̀ ni dókítà yẹn mọ̀? Ṣé ó ti mu ún rí ni?

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé sìgá náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìsọ̀ don Abelardo ọ̀gá rẹ̀, ẹni méjì méjì ló ń jókòó sí tábìlì. Ẹnì kan á kó ewé inú jọ, á ká a. Ẹnì kejì á fi ewé ìbora wé e títí yóò fi dán. Nicanor ló ń ká. Zunilda ló ń wé, obìnrin tó lè bí i lọ́mọ bó bá tètè lọ́kọ ni, wọ́n sì ti jọ jókòó látìgbà tí Nicanor ti gba tábìlì. Iṣẹ́ tó bá la ọwọ́ àwọn méjèèjì já láìlábùkù ni wọ́n jọ ń gbowó lé lórí, bí ọ̀kan bá sì ṣìṣe, àwọn méjèèjì ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Nicanor fi ń fi pílásítà bo ìka rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gé ewé níbẹ̀ ló ń lẹ pílásítà mọ́ ìka, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Bí don Abelardo bá gbọ́ pé ìka ẹni tó ń ká sìgá fún òun ń kú lọ, ẹlòmíràn á ti gba àga yẹn kí oòrùn tó wọ̀. Kí ni Nicanor fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn? Kó máa fi ọ̀kadà gbé èèyàn kiri ni? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò mu sìgá mọ́, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ di ará ìjọ tuntun tó wà lẹ́bàá odò, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa wí.

"Pásítọ̀ dé," ni Zunilda wí bó ṣe wọlé láàárọ̀ yẹn, èéfín ń ti imú rẹ̀ jáde. "Ẹ bá wa gbàdúrà o. Ewé òní rọ̀ jù."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú èéfín yẹn sọ́hùn-ún."

"Ọ̀hún wo? Èéfín ti ń bẹ níbí kí wọ́n tó bí ẹ."

"Mo ní kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sọ́hùn-ún! Ṣé mo bẹ̀ yín níṣẹ́ pé kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ sí mi lójú ni?"

Àwọn tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wọn yíjú sí wọn. Zunilda yọ sìgá kúrò lẹ́nu, ó wo ọmọkùnrin náà bí ẹni ń wo ajá ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó mọ́ olówó rẹ̀. "Oríṣiríṣi," ló wí. "Jésù tẹ́ ẹ ń bá lọ yẹn, ṣé kò kọ́ yín ní sùúrù ni?"

Nicanor jókòó, ó fa ewé mọ́ra. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kó àwọn sìgá tí ara wọn wọ́ sí, ẹni tó bá wù ló ń mú níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn obìnrin ń mú, àwọn ọkùnrin ń mú, awakọ̀ tó wá kó àpótí náà mú mẹ́ta, ó kì wọ́n sí àpò. Nicanor kọ ẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó mọ iye tó kù níbẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Itọ́ ń sun ní ẹnu rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń pa ara wọn. Ẹnì kan ń kọrin nínú rédíò nípa obìnrin tó já a jù sílẹ̀, Nicanor sì ń rò ó pé bóun bá rí olórin náà, òun á gbá a létí, òun á ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe.

Kíká sìgá kò fẹ́ agbára rárá. Ewé gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi gbà kọjá, wọ́n á ní sìgá náà ń mí. Bí ọwọ́ bá le, ó dí nìyẹn. Ẹni tó bá rà á á fà á títí, kò ní rí nǹkan kan ju ẹ̀fọ́rí lọ. Títí di ọ̀sẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá ní kí wọ́n mú sìgá tó ń mí wá ní gbogbo Tamboril, ti Nicanor ni wọ́n máa ń mú. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í gbé inú nìkan. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀.

Zunilda fi ọwọ́ tẹ èyí tó kọ́kọ́ ká, ó jù ú padà sí i. "Ó le. Tú u."

Nicanor tú u, ó tún un ká. Zunilda tẹ ìkejì wò, ó jù ú padà.

"Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé ewé lò ń ká ni àbí o ń gbẹ́ ọmọ odó?"

"Ewé yìí ló gbẹ."

"Ewé tí mo ní ó rọ̀ jù láàárọ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀!"

Ó yẹ kí Nicanor bẹ̀rù, nítorí àṣà kan wà ní ìsọ̀ náà láti ayé bàbá don Abelardo: ẹni tó bá ká sìgá dí ni yóò mu ún. Yóò dìde dúró lójú gbogbo ilé, yóò tan iná sí i, yóò máa fà á títí dé ìdí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń wọnú, kó lè mọ ohun tó fẹ́ tà fún ọmọ ẹlòmíì. Àwọn yòókù á máa fi ọ̀bẹ lu tábìlì fún un, wọ́n á máa rín in. Ẹ̀fẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó bá a kú rí. Nicanor ti lu tábìlì fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnikẹ́ni kò tíì lù ú fún òun.

Nígbà tí èyí tó tún le dé ọwọ́ Zunilda, kò jù ú padà mọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Wò mí lójú, Nicanor. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́, ọwọ́ ẹ ò ṣi iṣẹ́ yìí ṣe rí. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe ẹ́. O fẹ́ kí ọ̀gá mú ẹ. O fẹ́ kí wọ́n fipá mú ẹ mu ún, kó o lè délé lọ sọ fún ìyàwó ẹ pé ẹjọ́ ẹ kọ́."

"Irọ́ ni!"

"Ọwọ́ ẹ ń tọrọ sìgá, ẹnu ẹ ò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni."

"Mo ní irọ́ ni! Irọ́ burúkú! Àgbà tó yẹ kó gba èèyàn nímọ̀ràn!" Nicanor fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, ewé sì fò dànù sílẹ̀.

Zunilda kọ èjìká sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé ohun tó bá wà níwájú rẹ̀, kò wojú Nicanor mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó, bí lọ́kọláya tó jà tí wọ́n ṣì ń jẹun nínú abọ́ kan náà.

Nicanor wá gbìyànjú o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ó dẹ ọwọ́, ó ń ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn tó ká nígbà náà sì ń mí. Ó ń rò ó nínú rẹ̀ bí òun yóò ṣe fi han obìnrin yẹn pé onírọ́ ni. Lójijì, àlejò tó gbàgbé fìlà yẹn tún padà dé. Èyí le ju ti àárọ̀ lọ. Etí rẹ̀ ń hó, òógùn bo ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nínú ìsọ̀ yẹn sì di ọ̀tá rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń mu ún, òun kò mu ún. Ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ó mọ̀. Bó ṣe rí gan-an ni mò ń sọ yìí: ó mọ̀, ó sì tì í sí ọ̀dọ̀ Zunilda. Obìnrin náà, tí kò fẹ́ rí ojú rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ wò. Ó wé e pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Kò pẹ́ tí don Abelardo fi dé. Kò ní ẹ̀rọ ìdánwò bíi ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀rọ. Yóò mú sìgá láti orí tábìlì kọ̀ọ̀kan, yóò fà á láìtan iná sí i, yóò mi orí, yóò kọjá. Ní tábìlì Nicanor, ó mú ọ̀kan, ó mi orí. Ó mú òmíràn, ó fà á, ojú rẹ̀ sì yọ síta. Ó tún un fà.

"Èyí ò mí," ló wí. "Nicanor? Ìwọ?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá."

"Èmi ò bínú. Ṣùgbọ́n o mọ òfin ilé yìí."

Ariwo sọ. "Pásítọ̀! Pásítọ̀ ti wọ gàù!" Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹnì kan ju ìṣáná sí i. Nicanor dìde, sìgá náà lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan kan sì dìde nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ìbínú. Ayọ̀ ni. Ayọ̀ gidi, bíi ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Òun kọ́ ló fẹ́ mu ún, òfin ilé ni. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ó sọ fún ìka rẹ̀ nínú ọkàn pé ẹyọ kan yìí péré ni, pé dókítà kàn ń dẹ́rù bani ni. Ó ṣá ìṣáná. Ó fi sìgá sẹ́nu.

Zunilda já a gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ń rẹ́rìn-ín!" ló ń pariwo. "Ẹ wojú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ká a dí ni! Ó fi iṣẹ́ èmi náà ṣòfò nítorí kó lè rí ẹyọ kan mu. Olè!"

"Ẹ fún mi!"

"Mi ò fún ẹ!"

"Mo ní kẹ́ ẹ fún mi ní sìgá mi!" Nicanor ti gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ń fà á, obìnrin náà ń fà á, àga sì ṣubú. Ọwọ́ òsì Nicanor ti gòkè, bí kì í bá ṣe pé ariwo ọ̀bẹ dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ìbá fi ọwọ́ náà ṣe. Pílásítà tí òógùn ti rẹ ti bọ́, ó lẹ̀ mọ́ apá aṣọ Zunilda. Ìka náà wà lórí ọrùn ọwọ́ obìnrin náà, lójú gbogbo èèyàn, orí rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Yéè, Màríà, Ìyá wa Altagracia," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

Zunilda wo ìka náà. "Kí nìyí?"

Nicanor ń wá bí yóò ṣe ti ọwọ́ bọ àpò.

"Mo ní kí nìyí, Nicanor?"

"Sìgá ni!" Ohùn rẹ̀ ya. "Sìgá ló ń pa á! Wọ́n ní tí mo bá tún mu ún, wọ́n á gé e, wọ́n á sì máa gé àwọn yòókù tẹ̀ lé e! Ṣé ó ti tẹ́ gbogbo yín lọ́rùn báyìí? Ẹ lu tábìlì yín ńṣó! Kí lẹ dákẹ́ sí?"

Ẹnikẹ́ni kò lu nǹkan kan. Rédíò nìkan ló ń sunkún obìnrin tirẹ̀ lọ.

"Kí ló dé tó ò fi sọ fún mi?" ni don Abelardo bi í.

"Tí mo bá sọ, ṣé ẹ ò ní lé mi ni?"

Don Abelardo kò sọ pé òun kò ní lé e. Ó fi ìka nu irunmú rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Ó dáa," ló wí nígbà tó yá, "ẹ jẹ́ ká fi ti òní sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ àga, a máa jókòó sọ ọ́."

"A ò fi nǹkan kan sílẹ̀," ni Zunilda wí. Ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ta ló ni tábìlì yìí? Ṣé kì í ṣe èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni? Ó ká a dí, èmi náà ò tẹ̀ ẹ́ wò tí mo fi wé e. Òfin ilé yìí mú èmi náà. Ẹ̀yin ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ẹlòmíì sórí àga yẹn, ẹ yáa wá ẹni tó máa bá a wé e, torí mi ò ní bá a jókòó."

"Zunilda, kò sẹ́ni tó ní—"

"Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí."

Don Abelardo wo ìsọ̀ náà yíká, ojú gbogbo èèyàn sì wà lára rẹ̀. Ó ní òun ò lé ẹnikẹ́ni, ó ní kí wọ́n gbé àga tó ṣubú dìde.

Zunilda ṣá ìṣáná. Ó fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú, èéfín táṣẹ́rẹ́ kan ló jáde. Ó tún un fà, ó wúkọ́. "Ọmọ burúkú," ló ń wí láàárín ìfà kan sí èkejì. "Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń fẹ́ èéfín sí ẹ lójú, o jókòó síbẹ̀, o ń wò mí bí òmùgọ̀. O sọ mí di ìkà láìmọ̀. Kí ni mo ṣe fún ẹ?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Bóyá sìgá ni, bóyá kì í ṣe sìgá.

Ó yẹ kí Nicanor dúpẹ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rò pé ọpẹ́ ló wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Inú ló ń bí i sí Zunilda, ju bó ṣe bí i sí dókítà lọ, ju bó ṣe bí i sí don Abelardo lọ, nítorí pé sìgá náà ti wà lẹ́nu òun, obìnrin yìí sì já a gbà. Ó ń wo iná orí rẹ̀ bó ṣe ń pọ́n tó ń ṣú. Ìfà kọ̀ọ̀kan tí Zunilda fà, ọ̀fun Nicanor ló ń fà á.

Ó kù bí ìdajì nígbà tí Zunilda dúró. Ó nu ojú rẹ̀, ó na sìgá náà sí Nicanor.

"Ṣé o fẹ́ ẹ?" ló bi í. "Má purọ́ fún mi mọ́. Èmi kọ́ ni ìyá ẹ, mi ò lè máa já a gbà lẹ́nu ẹ lójoojúmọ́. Tó o bá fẹ́ ẹ, gbà."

Ọwọ́ Nicanor ti dé ìdajì ọ̀nà kó tó mọ̀. Ó rí i bó ṣe ń lọ, ìka dúdú yẹn ló ṣíwájú. Ó fi ọwọ́ kejì gbá a mú, ó fà á padà mọ́ àyà.

"Mo fẹ́ ẹ!" ló jágbe mọ́ ọn. "Mo fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ! Ẹ mu ún tán, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ mu ún tán kíá!"

Zunilda dá a padà sẹ́nu.